Àgádágodo Ẹnu Ọ̀nà Ẹ̀yìn

Gbogbo alẹ́ tí mo bá wà ní ṣíìfù, fọ́ọ̀mù kan wà tí mo gbọ́dọ̀ kọ kí n tó jókòó. Ìbéèrè 11 ló wà lórí ẹ̀. Ìkẹsàn-án ló ń bi mí pé ṣé ilẹ̀kùn ẹ́mágẹ́ńsì tó wà lẹ́yìn ṣeé ṣí, ṣé nǹkan kan ò dí i. Mo máa ń tíkì "bẹ́ẹ̀ ni". Alẹ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, oṣù 14 gbáko, mo ń tíkì "bẹ́ẹ̀ ni", mo ń sáìnì, mo ń kọ déètì sí i.

Ilẹ̀kùn yẹn ò ṣeé ṣí. Ṣéènì ni wọ́n fi wé irin ẹ̀, àgádágodo tó tóbi tó ìkúùkù ọmọdé ló wà lẹ́nu ṣéènì yẹn, kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ sì wà lọ́wọ́ síkiọ́rítì ní géètì iwájú, téèyàn bá sáré dáadáa ó máa tó ìṣẹ́jú méjì kó tó débẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀. Àwa bí ogójì tí à ń ṣiṣẹ́ alẹ́ mọ̀, súpáfáísọ̀ mọ̀, ẹni tí wọ́n rán wá láti ọ́fíìsì pé kó wá yẹ ilé iṣẹ́ wò gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá, ó rí i, ó ń bá fóònù ẹ̀ lọ. Ohun tí mo fẹ́ kọ lónìí nìyẹn, bí nǹkan tí gbogbo èèyàn mọ̀ ṣe ń di nǹkan tẹ́nikẹ́ni ò sọ. Ó ti pẹ́ tó ti ń gún mi lọ́kàn, mi ò tètè kọ ọ́ torí orúkọ mi ló wà nísàlẹ̀ àwọn fọ́ọ̀mù yẹn.

Odogunyan ni ilé iṣẹ́ náà wà, níbí ní Ìkòròdú, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Ìpara àti ọṣẹ ni à ń ṣe níbẹ̀. Èmi ni mò ń mójú tó sítọ̀ lálẹ́, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè mí ní Àǹtí Sítọ̀, títí dòní tí mo bá lọ sí Sábó àwọn kan ṣì ń pè mí bẹ́ẹ̀. Aago méje alẹ́ sí aago méje àárọ̀. Tí ẹ bá mọ títì Ìkòròdú sí Ṣàgámù láago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ẹ ti rí àwọn obìnrin tí mò ń sọ, àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ látinú kórópe pẹ̀lú fúláàsì oúnjẹ lọ́wọ́, tí wọ́n ti wọ bàtà iṣẹ́ látilé, tí wọ́n ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ tírélà, tí kálukú ń yà sí géètì tiẹ̀. Èmi náà nìyẹn fún ọdún mẹ́fà. Ìtamága ni mo ti ń bọ̀, mo máa ń wọ kẹ̀kẹ́ dé Gàráàjì kí n tó wọ kórópe, tójò bá rọ̀ kí n tó débẹ̀ aṣọ mi á ti tutù, inú aṣọ tutù yẹn ni màá wà tílẹ̀ fi máa mọ́.

Kí ló dé tí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn? Olè ni. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí, torí àwa òṣìṣẹ́ fẹ́ràn ká máa sọ ibi tí ọ̀gá ti ṣẹ̀, ká wá fo tiwa. Páálí ìpara ń sọnù. Láago méjì, mẹ́ta òru, tí ẹ̀rọ ń pariwo, tí oorun ti ń kun súpáfáísọ̀, àwọn kan máa ń ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, wọ́n á ju páálí fún ẹni tó dúró lẹ́yìn fẹ́ǹsì, kílẹ̀ tó mọ́ ọjà ti dé ọwọ́ ẹni tó máa tà á. Láti pákíǹ, ibi tí wọ́n ti ń di ọjà sínú páálí, ni wọ́n ti ń kó o, kó tó wọ sítọ̀ rárá, ìyẹn ni pé nínú ìwé, ọwọ́ mi mọ́. Àmọ́ mo mọ̀ wọ́n. Àwa bíi mẹ́wàá la mọ̀ wọ́n dájú, àwọn tó kù ń fura. Nígbà tí iye tí ẹ̀rọ ṣe àti iye tó wọlé sítọ̀ ò bára mu, wọ́n pè mí sí ọ́fíìsì, wọ́n bi mí, mo ní mi ò mọ nǹkan kan. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń kó páálí wá bá mi lẹ́yìn náà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní "Àǹtí, ẹ ṣé, ibi tí èèyàn bá ti ń ṣiṣẹ́ náà ló ti ń jẹun." Owó tí wọ́n ń san fún àwọn kásúà lóòjọ́ ò tó nǹkan, òótọ́ ni, mo sì mọ ìyàwó ọmọ yẹn, mo mọ ọmọ tó wà nílé ẹ̀. Mo dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ tó dí mi lẹ́nu ni "olófòófó". Láti kékeré la ti gbọ́ ọ pé olófòófó ò gbẹgbàá, ibi ọpẹ́ ló mọ. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n pe òun bẹ́ẹ̀, àgàgà lórí oúnjẹ ẹlòmíì. Mo ti ro ọ̀rọ̀ yẹn lọ ro ó bọ̀. Orúkọ tí à ń pe ẹni tó ń gbé ọ̀rọ̀ kiri láti ba tẹnìkejì jẹ́, òun náà la máa ń pe ẹni tó sọ pé "ilé ń jó, ẹ jáde". Àwọn oníròyìn orí rédíò máa ń sọ pé ẹnì kan "ta ọlọ́pàá lólobó", ìyẹn sàn díẹ̀ létí, kò ní èébú nínú. Àmọ́ ní pákíǹ, tó o bá ti rìn lọ sí ọ́fíìsì tí wọn ò pè ọ́, tó o pẹ́ níbẹ̀ ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, olófòófó ni ẹ́, wọ́n ò ní bá ẹ jẹun mọ́.

Torí náà wọ́n wádìí, wọn ò rẹ́ni sọ̀rọ̀, wọ́n lọ ra ṣéènì. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ká ní ẹnì kan nínú àwa mẹ́wàá ti sọ ohun tó mọ̀ nípa páálí, ó ṣeé ṣe kí ṣéènì yẹn má dé ara ilẹ̀kùn láéláé. Mo fẹ́ kí èyí wà lákọsílẹ̀ kí n tó máa sọ tàwọn ọ̀gá lọ.

Ẹ ò lè pẹ́ ní Ìkòròdú kẹ́ ẹ má gbọ́ nípa iná Odogunyan. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2002 ni. Òru ni, àwọn òṣìṣẹ́ wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan, ilẹ̀kùn wà ní títì, iná sọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò jáde. Ọmọ ilé ìwé ni mí nígbà yẹn, mo rántí bí àwọn ìyá àdúgbò ṣe ń sọ ọ́ tí wọ́n káwọ́ lérí, tí ìyá mi ní ká má wulẹ̀ sọ ọ́ lójú òun mọ́. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó kà pé irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní New York lọ́jọ́ 25 oṣù kẹta ọdún 1911, ní ilé iṣẹ́ ìránṣọ kan tí wọ́n ń pè ní Triangle. Èèyàn 146 ló kú, àwọn ọmọbìnrin tó ń ránṣọ ló pọ̀ jù nínú wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn já bọ́ láti ojú fèrèsé òkè. Ilẹ̀kùn kan wà níbẹ̀ tó wà ní títì, torí wọ́n ní àwọn òṣìṣẹ́ ń jí aṣọ gbé lọ. Ọdún 91 ló wà láàárín iná méjèèjì, ẹ tún wá wo èmi lẹ́yìn ìyẹn, ní Odogunyan kan náà, tí mò ń fi bírò tíkì "bẹ́ẹ̀ ni".

Kì í sì í ṣe pé òfin ò sí o. Òfin tiwa tí wọ́n ń pè ní Factories Act sọ ọ́ pé níwọ̀n ìgbà tí òṣìṣẹ́ bá wà nínú ilé iṣẹ́, wọn ò gbọdọ̀ ti ilẹ̀kùn lọ́nà tẹ́ni tó wà nínú ò fi ní lè ṣí i wéré. Fọ́ọ̀mù tí mò ń kọ yẹn gan-an, mo rò pé torí irú òfin bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́. Ìwé wà. Òfin wà. Bírò wà.

Ẹ má sì rò pé ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀ rí. Màmá sọ̀rọ̀. Màmá ló ń gbálẹ̀ ní pákíǹ lálẹ́, gbogbo wa là ń pè é bẹ́ẹ̀, ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Ọ̀sẹ̀ kejì tí wọ́n so ṣéènì yẹn, Màmá lọ bá súpáfáísọ̀, ọmọ tí ì bá jẹ́ àbíkẹ́yìn ẹ̀. Èmi wà níbẹ̀, mò ń ka nylon. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yẹn, tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lóru ńkọ́?" Súpáfáísọ̀ ò bú u, kò jágbe mọ́ ọn. Ó ní, "Màmá, mo ti gbọ́, màá sọ fún wọn." Mo gbà pé ó sọ fún ẹnì kan lóòótọ́. Mo gbà pé ẹni yẹn náà ní òun ti gbọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn kàn ń gòkè lọ bí èéfín ni, kò sẹ́ni tó mú èsì sọ̀kalẹ̀ wá. Oṣù kan, oṣù méjì. Màmá tún lọ sọ ọ́. Lọ́tẹ̀ yìí súpáfáísọ̀ ní, "Màmá, ṣebí ẹ ti sọ ọ́."

Ọ̀rọ̀ mẹ́rin, márùn-ún yẹn ló parí gbogbo ẹ̀. Mo rí ojú Màmá nígbà tó yí padà. Kò bínú. Ó kàn gbé ìgbálẹ̀ ẹ̀.

Ọmọkùnrin kan ní pákíǹ tó gbọ́ ìwé dáadáa kọ tiẹ̀ sórí bébà, ó jù ú sínú àpótí àbá tí wọ́n kàn mọ́ ògiri níbi tí a ti ń tẹ̀ka tí a bá dé. Ó ń retí. Mo máa ń rí i tó ń wo ojú pátákó ìkéde lójoojúmọ́ bóyá wọ́n á lẹ nǹkan kan mọ́ ọn. Lẹ́yìn oṣù kẹta kò wò ó mọ́, nígbà tó yá ó rí iṣẹ́ sí ibòmíì, ó lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, orí WhatsApp nìkan la ti ń sọ ọ́. Ká ní ẹ wá sí gúrúùpù wa nígbà yẹn, ẹ̀ bá rí òótọ́ níbẹ̀, gbogbo ohun tó ń bàjẹ́ ní ilé iṣẹ́ yẹn ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú fọ́tò, bí wọ́n ṣe ń yọ owó èèyàn, bí ọṣẹ kan ṣe bó èèyàn lọ́wọ́, ilẹ̀kùn náà. Tí mánéjà bá wá pè wá jọ tó ní ṣé ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè, gbogbo wa á máa wo bàtà wa. Àwọn ọ̀gá á wá lọ sílé pẹ̀lú èrò pé inú àwọn òṣìṣẹ́ àwọn dùn.

Tí ẹ bá bi wá pé kí ló dé, ohun tó máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa ni ìbẹ̀rù. Ìbẹ̀rù yẹn kì í ṣe irọ́. Labour Act, òfin iṣẹ́ wa, sọ iye ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi kìlọ̀ fún ẹ kí wọ́n tó dá ẹ dúró: tó ò bá tíì lò ju oṣù 3 lọ, ọjọ́ 1 péré, tó bá ju oṣù 3 lọ tí kò tíì pé ọdún 2, ọ̀sẹ̀ 1, ọdún 2 sí ọdún 5, ọ̀sẹ̀ 2, tó bá tó ọdún 5 sókè, oṣù 1. Oṣù kan nìyẹn fún èmi tí mo lo ọdún mẹ́fà. Àwọn kásúà tí kọ́ńtíráátọ̀ kó wá, gbólóhùn kan, "má wá lọ́la", ó ti parí. Ẹni tó bá ń gbé owó ilé ìwé ọmọ mẹ́ta lórí, ẹ ò lè wá máa pè é ní ojo torí pé ó ro ìyẹn kó tó lanu. Inú máa ń bí mi tí àwọn tó jókòó sínú AC bá ń sọ pé òṣìṣẹ́ Nàìjíríà ò ní ìgboyà.

Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù nìkan kọ́. Àjọ kan wà ní London, Institute of Business Ethics, ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n máa ń bi àwọn òṣìṣẹ́ léèrè ní orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi nípa ìwà tó tọ́ àti èyí tí kò tọ́ níbi iṣẹ́. Wọ́n ń bi àwọn tó rí nǹkan tí kò dáa tí wọn ò sọ ọ́, pé kí ló dé. Ìdáhùn méjì ló máa ń wà lókè. Àkọ́kọ́ ni pé mi ò fẹ́ kí iṣẹ́ mi bọ́. Èkejì ni pé mi ò gbà pé wọ́n máa ṣe nǹkan kan sí i. Ọjọ́ tí mo ka èkejì yẹn, ojú Màmá ni mo rí. Màmá ò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, ó ti sin ọkọ, ó ti sin ọmọ kan, kí ni súpáfáísọ̀ fẹ́ fi ṣe é. Èmi gan-an, tí mo bá tú ọkàn mi wò, ẹ̀rù ò bà mí tó bí mo ṣe máa ń sọ. Ó ti sú mi ni. Kí ló fẹ́ yọrí sí? Gbólóhùn yẹn wà lẹ́nu wa ní Ìkòròdú yìí, lórí ọ̀nà tó bàjẹ́, lórí iná tí kò sí, lórí ìwé tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wa ní ọ́fíìsì ìjọba, tó fi jẹ́ pé a máa ń kó o dání lọ síbi iṣẹ́ kí ọ̀gá tó ṣe nǹkan kan rárá.

Wọ́n á sì fi òwe tì í. Wọ́n á ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àwọn àgbà kan náà ló ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Màmá ti ṣe àgbà tiẹ̀. Ọjà ni ò dá a lóhùn.

Mo máa ń rántí Challenger, ọkọ̀ tí Amẹ́ríkà fi ránṣẹ́ sí òfuurufú lọ́jọ́ 28 oṣù kìíní ọdún 1986, tó tú ká lójú sánmà ní ìṣẹ́jú àáyá 73, tí àwọn èèyàn 7 tó wà nínú ẹ̀ kú. Ẹnjiníà kan, Roger Boisjoly, ti kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá ẹ̀ láti oṣù keje ọdún 1985 pé rọ́bà tí wọ́n fi dí oríkèé rọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn léwu, pé ó lè gbẹ̀mí èèyàn. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ bẹ̀bẹ̀ pé òtútù ti pọ̀ jù fún rọ́bà yẹn, kí wọ́n má tíì gbé e. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ní kí ẹnì kejì ẹ̀ bọ́ fìlà ẹnjiníà kó dé fìlà mánéjà. Wọ́n gbé e. Àwọn yìí kàwé, wọ́n ní àwòrán, wọ́n ní nọ́ńbà, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ní oṣù mẹ́fà ṣáájú. Kò sí ìwà kan tí wọ́n ń kọ́ òṣìṣẹ́ ní sẹminá tí wọn ò hù. Etí ni wọn ò rí.

Ó wá di alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ kan nínú oṣù kìíní, ọyẹ́ ń fẹ́, gbogbo nǹkan gbẹ. Ẹ̀rọ tó ń fi nylon wé páálí ló kọ́kọ́ tana, páà, iná lọ, èéfín dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́yìn ẹ̀, nylon tó wà nílẹ̀ gbà á. Ṣé ẹ mọ ohun tó yà mí lẹ́nu jù? Ẹ̀yìn la sá lọ. Àwa tí a mọ̀ pé ó tì, tí a ti ń wo àgádágodo yẹn láti bíi ọdún kan, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yẹn náà lẹsẹ̀ wa gbé wa lọ torí òun ló sún mọ́ wa jù, ara ò rántí ohun tórí mọ̀. A gbá jọ síbẹ̀ nínú òkùnkùn. Ẹnì kan ń pariwo "kọ́kọ́rọ́! kọ́kọ́rọ́!", ẹnì kan ń pe Jésù, ẹnì kan ń ka àdúà, Màmá wà níwájú pátápátá, wọ́n ti fún un mọ́ ara ilẹ̀kùn, mo ń fi ọwọ́ méjèèjì ti àwọn èèyàn sẹ́yìn kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́ pa. Mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta kan ni Ọlọ́run lò, wọ́n ò sá, wọ́n gbé sílíńdà ìpaná, wọ́n bu yẹ̀pẹ̀, wọ́n pa á. Ìgbà tí síkiọ́rítì máa fi sáré dé pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́, iná ti kú. Ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n débi pé kọ́kọ́rọ́ ò wọlé.

Ẹnikẹ́ni ò kú. Wọ́n ní ká padà sẹ́nu iṣẹ́ láago mẹ́rin.

Mo padà sí tábìlì mi. Fọ́ọ̀mù alẹ́ yẹn wà níbẹ̀, mo ti kọ ọ́ láti aago méje, nọ́ńbà 9, bẹ́ẹ̀ ni, ìbuwọ́lù mi nìyẹn. Mo wò ó títí ilẹ̀ fi mọ́. Mi ò fà á ya, mi ò yí i padà. Lálẹ́ ọjọ́ Mọ́ńdè wọ́n ti tún ti àgádágodo yẹn padà, mo sì tún tíkì "bẹ́ẹ̀ ni". Apá tó nira jù fún mi láti kọ nìyí, mi ò ní àwíjàre kankan tí mo fẹ́ fi tì í.

Àwọn èèyàn tí mo sọ ọ́ fún máa ń ní ṣebí ìjọba ti ṣètò fún ẹni tó bá sọ̀rọ̀. Lóòótọ́, oṣù kejìlá ọdún 2016, nígbà tí Kẹ́mi Adéọ̀ṣun jẹ́ mínísítà ètò ìnáwó, ìjọba àpapọ̀ ní ẹni tó bá ta àwọn lólobó nípa owó ìlú tí wọ́n kó pamọ́, tí àwọn bá rí owó yẹn gbà padà, á gba láti 2.5% sí 5% nínú ẹ̀. Oṣù kẹrin ọdún 2017, ẹnì kan ta EFCC lólobó, wọ́n wọ ilé kan ní Ìkòyí, wọ́n bá owó dọ́là tó ju mílíọ̀nù 43 lọ. Gbogbo ọkọ̀ tí mo wọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n ń sọ, wọ́n ní olófòófó ti ń gbẹgbàá báyìí. Ètò tó dáa ni, mi ò bú u. Àmọ́ owó ìlú ni wọ́n tìtorí ẹ̀ ṣe é, owó ni wọ́n sì fi ń díwọ̀n ọ̀rọ̀. Mélòó ni 5% ilẹ̀kùn tí wọ́n tì? Ohun tí Màmá ń fẹ́ ò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ó fẹ́ kẹ́nì kan padà wá bá òun, kó ní "Màmá, ohun tí a ti ṣe nìyí", tàbí kó tiẹ̀ ní "ohun tí ò jẹ́ ká lè ṣe é nìyí."

Oṣù kẹta lẹ́yìn iná yẹn ni wọ́n gbé mánéjà tuntun wá. Alẹ́ kejì tó dé, ó wá sí ṣíìfù wa, aago mọ́kànlá alẹ́, a ò rí irú ẹ̀ rí. "Ẹ" ló fi ń bá gbogbo wa sọ̀rọ̀, títí kan àwọn ọmọ kéékèèké tó ń gbé páálí. Ó ní kí ló ń yọ wá lẹ́nu. Gbogbo wa wo bàtà. Nígbà tó pẹ́, ọmọbìnrin kan ní fáànù tó wà lórí àwọn ti bàjẹ́ ó ti tó ọdún kan. Mo mọ̀ pé ó fi ìyẹn dán an wò ni. Mánéjà kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní Ọjọ́bọ̀ ni oníná máa wá.

Ọjọ́bọ̀ dé, oníná ò wá. A ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín lórí WhatsApp. Láago mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ yẹn ni ọkùnrin yẹn wọlé, ó lọ bá ọmọbìnrin yẹn níbi tó dúró sí, ó ní, "Ẹ má bínú, oníná tí mo sọ ò wá, ìyá ẹ̀ ló ń ṣàìsàn, ó ti di Sátidé." Lọ́jọ́ Sátidé fáànù ń yí. Àwọn èèyàn rò pé fáànù yẹn ló tú wa lẹ́nu. Èmi mọ̀ pé Ọjọ́bọ̀ ni. Ó wá sọ fún wa pé kò tíì ṣeé ṣe. Láti ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò wá sọ ìyẹn fún wa rí.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ó béèrè pé ta ló ní kọ́kọ́rọ́ àpótí àbá. Wọ́n wá a títí, kò sí. Síkiọ́rítì ní kí òun tó dé ló ti wà bẹ́ẹ̀, HR ní àwọn rò pé ó wà lọ́dọ̀ ádímìn. Wọ́n fi irin já a. Bébà kún inú ẹ̀, àwọn kan ti pọ́n, aáyán ti jẹ àwọn kan létí. Ó jókòó sórí páálí níbẹ̀ níwájú wa, ó ń kà wọ́n níkọ̀ọ̀kan, kò sọ nǹkan kan. Nígbà tó kan ti ọmọkùnrin tó ti lọ yẹn, ó gbójú sókè, ó ní, "Ilẹ̀kùn wo nìyí?"

Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn fún bí ìṣẹ́jú kan. Màmá wá ju ìgbálẹ̀ ẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Ẹ ká lọ, mo fẹ́ fi hàn yín." Bó ṣe ń lọ la tẹ̀ lé e, gbogbo wa, gbogbo ẹnu sì là lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀rọ̀ iná oṣù kìíní, ọ̀rọ̀ ọṣẹ tó ń bó èèyàn lọ́wọ́, ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé a ti ní ohùn tẹ́lẹ̀.

Ó ní kí wọ́n kó fọ́ọ̀mù alẹ́ wá. Èmi ni mo kó o. Ó ń ṣí i, ó ń ṣí i, nọ́ńbà 9, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ta ló kọ ọ́. Mo ní èmi ni, sà. Mo ti múra sílẹ̀ fún kúẹ́rì, mo tiẹ̀ ti ní in lọ́kàn pé ó tọ́ sí mi. Ó ní, "Tẹ́ ẹ bá ti kọ 'bẹ́ẹ̀ kọ́', ta ni ì bá rí i?" Mo rò ó. Láti orí tábìlì mi, fáìlì ni wọ́n ń lọ, tí fáìlì bá kún, inú páálí nínú sítọ̀ mi. Èmi nìkan ló ń kọ ọ́, èmi nìkan ló ń tọ́jú ẹ̀. Mo ní, "Kò sẹ́nì kankan, sà." Omi bọ́ lójú mi níbẹ̀. Ó ní láti òní lọ ọ̀dọ̀ òun ni kó máa dé láràárọ̀, òun á máa sáìnì nísàlẹ̀ tèmi.

Mo sọ ti páálí fún un náà, lọ́jọ́ kejì, ní ọ́fíìsì ẹ̀. Mo sọ wákàtí, mo sọ ibi fẹ́ǹsì. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni, kò sì fagídí gbà á lẹ́nu mi. Bóyá ó yẹ kí n dárúkọ, mo ṣì ń rò ó títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Wọ́n gbé iná títàn sí ẹ̀yìn fẹ́ǹsì, wọ́n wá fi irin kan sára ilẹ̀kùn yẹn tó jẹ́ pé téèyàn bá ti tì í látinú ó máa ṣí, aago á sì máa ké kíkankíkan. Páálí ò sọnù mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Nǹkan tí gbogbo ẹ̀ gbà nìyẹn, bíi ọjọ́ mẹ́jọ.

Alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n gé ṣéènì yẹn, aago méje ti lé díẹ̀, mo mú fọ́ọ̀mù àti bírò, mo rìn lọ sẹ́yìn. Mi ò lọ síbẹ̀ rí kí n tó kọ ọ́. Màmá ti débẹ̀ ṣáájú mi, ìgbálẹ̀ wà ní abíyá ẹ̀. Ó fi èjìká ti ilẹ̀kùn yẹn. Ó ṣí gbayawu, aago bẹ̀rẹ̀ sí í ké, gbogbo pákíǹ ń wo ẹ̀yìn, afẹ́fẹ́ òru fẹ́ wọlé lù wá. Màmá dúró sí ìta níbẹ̀ fúngbà díẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì wà lórí koríko. Ó wá yíjú sí mi.

"Àǹtí Sítọ̀," ó ní, "kọ ọ́ báyìí."